Àtẹ Tí A Dojú Rẹ̀ Dé

Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé àtẹ yẹn kúrò lára ògiri, èmi àti olúwarẹ̀ la máa jọ fà á lónìí. Mo mọ̀ pé etí rẹ̀ ti kán, mo sì mọ̀ pé ikán ti tọ́ ìdí rẹ̀ wò. Ẹ ti ra èyí tó ń dán fún mi láti Èkó, mo dúpẹ́, mo ti to ife sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń pe èyí ní igi ìdáná, ó sì ń dùn mí. Ẹ jókòó. Ìwọ, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní sá lọ. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí nínú ilé yìí fún yín, nítorí Èkó lẹ wà pẹ̀lú àwọn òbí yín nígbà tó ń ṣẹlẹ̀.

Mamu ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀nà tó gba Mamu kọjá kò rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n yìí. Igbó ló wà lápá ọ̀tún, igbó ló wà lápá òsì, igi ńlá ńlá tó jẹ́ pé bí o bá gbójú sókè wò wọ́n, fìlà á bọ́ lórí rẹ. Agbégilódò la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. A ó ti máa gbọ́ èyí àkọ́kọ́ láti òkèèrè, á máa kérora bọ̀ pẹ̀lú gẹdú lẹ́yìn, ilẹ̀ á sì máa mì lábẹ́ ẹní tí a sùn lé. Yèyé mi á ní, "Ẹ dìde o, igi ti ń lọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀yin ṣì ń sùn." Yèyé mi yìí kan náà ni ìyá àgbà tí ẹ̀yin mọ̀.

Yèyé ń ta ọsàn, ó ń ta obì, ó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gàárì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín. Ṣùgbọ́n kì í jókòó ti ọjà. Ta ni yóò jókòó? Oko ń dúró de gbogbo wa. Yóò gbé àtẹ yẹn, èyí tó wà lára ògiri yìí gan-an, sórí kùkùté kan ní etí ọ̀nà. Yóò to ọjà rẹ̀ sí i ní òkìtì òkìtì, yóò wá to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan. Òkúta yẹn ló ń sọ iye tí a ń tà á. Ẹni tó bá ń kọjá á wo òkúta, á ju owó sínú igbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á mú ọjà rẹ̀, á máa lọ. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ gbé igbá náà. Títí di òní, bí mo bá rántí bí igbá yẹn ṣe máa ń wúwo lọ́wọ́ mi, orí mi a máa wú.

Yèyé kì í sì í mú òkúta tó bá ti rí. Inú odò ló ti ń ṣà wọ́n, àwọn funfun tó jọ̀lọ̀. Kó tó tò wọ́n, á kọ́kọ́ gbá méjì pọ̀: kó, kó. Mo bi í léèrè rí pé kí ló ń ṣe. Ó ní òun ń jí wọn ni, pé òkúta tó bá sùn kò lè ṣọ́ ọjà. Mo gbà á gbọ́, ọmọdé ni mí. Mo máa ń dùbúlẹ̀ wò wọ́n bóyá wọ́n á ṣẹ́jú.

Ẹ̀rín wà níbẹ̀ o. Ní ọjọ́ kan, ewúrẹ́ bàbá kan ládùúgbò jẹ gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ orí àtẹ, ó fi òkúta sílẹ̀. Yèyé kò lù ú. Ó mú ewúrẹ́, ó so ó mọ́ kùkùté, ó sì kó òkúta ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lọ síwájú rẹ̀, ó tò wọ́n dáadáa. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń dúró wo ewúrẹ́ tí wọ́n dá iye lé. Nígbà tí bàbá náà dé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó fi owó sínú igbá, ó tú ewúrẹ́ rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Yèyé pé ó tà á fún òun ní pọ́ọ́kú.

Ìgbà kan ṣoṣo ni àtẹ kì í kọjú sókè. Bí àìsàn tó ń ràn bá wọ ilé kan, bóyá ìgbóná, bóyá onígbáméjì tó máa ń fi èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fa èèyàn gbẹ, ìyá ilé náà á kó ọjà rẹ̀ wọlé, á sì dojú àtẹ dé sí etí ọ̀nà. Kò ní pariwo, kò ní ké sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rí i ti mọ̀. Kò ní yà, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n á dúró ní ìsọdá ọ̀nà, á gbé ohùn sókè, á kí wọn kó tó kọjá. Ẹ rò ó wò. Olọ́jà fúnra rẹ̀ ló ń lé oníbàárà, kí oníbàárà má baà gbé ikú lọ sílé. Nígbà yẹn kò sí rédíò ní abúlé wa, kò sí olùtọ́jú ìlera tó wá kọ́ wa. A ṣáà bá a bẹ́ẹ̀ ni.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ọ̀dà dé ojú ọ̀nà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹni tó ń sáré kò rí òkúta. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan wá ń kó ọjà lọ tí wọ́n tún ń kó igbá mọ́ ọn. Yèyé gbé àtẹ wọlé, kò sì tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìyẹn kò mọ̀ pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ wà rí.

Èmi ti wà nílé ọkọ ní Àgọ́-Ìwòyè níbí nígbà náà. Nígbà tí yunifásítì dé, ìlú yìí yí padà bí ìgbà tí wọ́n tan iná sínú yàrá. Mo ṣí ìsọ̀ síwájú ilé: gàárì, ìrẹsì, epo, iyọ̀, búrẹ́dì, ọṣẹ, gbogbo ohun tí ọmọ iléèwé ń wá. Bàbá yín àgbà kú, ọmọ tèmi ṣí lọ Èkó, mo lọ mú Yèyé wá láti Mamu kó wá bá mi gbé. Ó kó aṣọ rẹ̀, ó gbé àtẹ rẹ̀, ó sì di òkúta rẹ̀ sínú ìborùn kan. Mo ní kí ló fẹ́ fi òkúta ṣe ní Àgọ́. Ó ní òun kò bi mí ohun tí mo fẹ́ fi dígí tí mo gbé kọ́ ara ògiri ṣe.

Ẹ ò rí ìsọ̀ mi láyé ìgbà náà, ẹ ò lè mọ ohun tó ń jẹ́ èrò. Bẹ́ǹṣì gígùn kan ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ á jókòó lé e títí ẹni tó wà létí á fi já bọ́. Ìkòkò omi tútù kan wà ní igun, ife kan ṣoṣo la so mọ́ ọn, gbogbo ayé ló ń fi í mu. Ẹni tó ń wúkọ́ mu, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ mu, ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá ra búrẹ́dì náà mu. Yèyé sì wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ń ra nǹkan láì kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ fún un. Á gbé ọwọ́ lé orí rẹ, á wúre fún ọ, ọwọ́ náà gbẹ, ó sì gbóná, kò sì ń yára gbé e kúrò. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé tìtorí ọwọ́ yẹn nìkan ni wọ́n ṣe ń wá ra iyọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.

Báyìí la wà nígbà tí Kòrónà dé.

Rédíò ló kọ́kọ́ sọ ọ́. A rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti yunifásítì pa, àwọn ọmọ ń fa báàgì lọ lójú títì, wọ́n ń sọ fún mi pé, "Màmá, ó dìgbà kan ná." Wọ́n wá kéde kónílé-ó-gbélé. Ìlú dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti dàgbà, mi ò gbọ́ irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń gbọ́ ìgbálẹ̀ ará ilé kẹta. Mo ń gbọ́ ìyẹ́ ẹyẹ. Mọ́ṣáláṣí kò kún, ṣọ́ọ̀ṣì kò lu agogo, nígbà tí Iléyá sì dé, ẹnu géètì la ti ń juwọ́ síra wa. Ohun tí ojú kò rí ló ti gbogbo ilẹ̀kùn ayé pa ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ó dà bí ẹni pé mo dúró níwájú nǹkan kan tó tóbi ju ìlú lọ.

Wọ́n gbà kí àwa tó ń ta oúnjẹ ṣí ìsọ̀ wa. Bí mo bá tì í, kí ni àwọn ará àdúgbò yóò jẹ, kí sì ni èmi àti Yèyé yóò jẹ? Bí mo bá ṣí i, ẹnu ọ̀nà kan náà la fi ń wọ ìsọ̀, òun náà la fi ń wọ yàrá Yèyé. Àyà Yèyé kò sì dára. Èéfín gàárì ti ba àyà rẹ̀ jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Bó bá pariwo lásán, ikọ́ á mú un, mímí á sì ṣòro fún un títí a ó fi máa wo ara wa lójú. Wọ́n sì ń sọ lórí rédíò pé irú àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni àìsàn náà ń wá.

Mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún un. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, "Éè ṣe ikú ni mo bẹ̀rù, ọmọ mi. Mo ti dàgbà tó ikú. Wọ́n ní ẹni tó bá kú nísinsìnyí, àwọn aláṣọ funfun mélòó kan láti ilé ìwòsàn ló ń sin ín, ẹnì kan éè gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Mo ń bẹ̀rù kí n kú sí ulé tó ṣófo." Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí n kú sí ulé tó ṣófo."

Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo gbé lórí nìyẹn. Kí Yèyé ṣáà wà láàyè títí èèyàn yóò fi tún lè wọlé.

Òun náà ló sọ pé kí n gbé àtẹ òun jáde. Mo ní, "Yèyé, ayé ti yàtọ̀ o. Wọ́n á kó ọjà, wọ́n á kó owó, wọ́n á gbé àtẹ náà lọ."

Ó ní, "Ta ni wọ́n? Ṣé àwọn tó ń kúnlẹ̀ fún mi lójoojúmọ́ yìí?"

Mo fa okùn láti òpó dé òpó síwájú ìsọ̀. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so ẹnu ẹ̀rọ mọ́ sí etí ọ̀nà, pẹ̀lú ọṣẹ, kí gbogbo ẹni tó bá dé kọ́kọ́ fọwọ́. Mo fi eérú fa òbìrípo òbìrípo sílẹ̀ níwájú ìta, wọ́n jìnnà síra wọn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dúró sínú tirẹ̀ títí yóò fi kàn án. Mo kó bẹ́ǹṣì kúrò, mo gé okùn ife, mo da omi ìkòkò nù. Mo wọn ọjà sínú ọ̀rá ní kékeré kékeré, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àtẹ wà lórí tábìlì lẹ́bàá okùn, òkúta wà níwájú ọjà kọ̀ọ̀kan, ọpọ́n omi ọṣẹ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n á máa ju owó sí. Èmi wà nínú fèrèsé pẹ̀lú ìbomú mi. Ní àárọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀, Yèyé ní kí n mú òkúta náà wá. Ó gbá wọn pọ̀: kó, kó. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Omi bọ́ lójú mi, mo ní ọṣẹ ló ta sí mi lójú.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Bísólá, ọmọ iléèwé kan tó ń gbé ilé ẹ̀yìn wa. Ará Ìbàdàn ni, wọ́n ti ọ̀nà kó tó rí ọkọ̀ wọ̀. Ó rí pákó àtijọ́, ó rí òkúta funfun tí wọ́n tò, ó rí epo pupa nínú ìgò, ó rí obì, ó rí iyọ̀. Ó fi igbe bọnu: "Ẹbọ o! Wọ́n ti gbé ẹbọ síwájú ìsọ̀ Màmá o!" Fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́tùn-ún lósì. Ó ti yọ fóònù, ó ń ya fọ́tò, ó ń fi ẹ̀yìn rìn. Mo ń pè é, kò gbọ́. Yèyé ló wá yọjú lójú fèrèsé tirẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí, ẹbọ wo ni wọ́n ń fi búrẹ́dì rú?" Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Bísólá kúnlẹ̀ sínú òbìrípo eérú, ó ń tọrọ àforíjì. Mo ṣe àlàyé òkúta fún un láti ibi tí mo wà. Ó tẹ́tí, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ní, "Màmá, àwọn èèyàn máa ń san án lóòótọ́?" Mo ní kó dúró kó wò ó.

Èmi náà ń dúró wò ó ni.

Wọ́n san án. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kí ó wọ̀ yín létí. Ìgbà tí ebi ń pa ìlú nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe. Mo ń kúrò lójú fèrèsé láti lọ fún Yèyé lóògùn, mo ń bọ̀, wọ́n ti mú ọjà, owó wà nínú omi. Bàbá oníṣẹ́-igi kan tẹ̀ lé òfin jù, ó ju owó sínú ọpọ́n, ó ju fóònù rẹ̀ náà sí i, ó ní wọ́n ti sọ pé kí a fọ gbogbo nǹkan. A ń rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Èmi ń fi ìdèmọ́ aṣọ sá owó sórí okùn lẹ́yìnkùlé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, ó ń jó bí aṣọ ọmọ tuntun. Nígbà tí oòrùn wọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó ti àtẹ òfìfo náà, ẹnu yà mí. Mo rò pé ohun tó ti kú ní Mamu ti kú.

Kíkí nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè lọ. Wọ́n á ti mú ọjà wọn, wọ́n á padà sínú eérú, wọ́n á kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú ìbomú, wọ́n á máa ké pe Yèyé. "Yèyé, ẹ kú ulé o!" Yèyé á gbé ọwọ́ sókè lójú fèrèsé, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síta bí ẹni pé orí wọn wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ba ètò náà jẹ́ kì í ṣe ìwà burúkú. Ìyá kan wà ní Òde-Omi tó ti ń kó ẹja yíyan wá fún mi láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí wọ́n dẹ ọwọ́ òfin díẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wọ mọ́tò, ó dé. Kó tó di pé mo la ẹnu, ó ti gba abẹ́ okùn wọlé, ó ti rọ̀ mọ́ mi. Ó ń sunkún, ó ní òun rò pé òun kò ní rí mi mọ́. Ta ni yóò ti irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ dànù? Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí pé ó ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó padà yè é, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, mo mọ̀ pé òtútù tó ń mú mi láti àárọ̀ kì í ṣe ti òjò.

Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní a kò mọ̀ bóyá Kòrónà ni, ṣùgbọ́n kí n ṣe bí ẹni pé òun ni. Kí n má ṣe sún mọ́ Yèyé rárá, kí n sì pe òun bí mímí bá ṣòro fún mi. Mo kó ẹní mi lọ sínú ìsọ̀, ògiri kan ló wà láàárín wa. Bísólá ní òun yóò máa dáná lẹ́yìnkùlé, òun yóò máa gbé oúnjẹ Yèyé sójú fèrèsé rẹ̀. Ó kù kí n mọ ohun tí màá fi ọjà ṣe.

Yèyé sọ ọ́ láti inú ògiri. "Dojú àtẹ dé."

Mo ní, "Yèyé, bí wọ́n bá mọ̀ pé àìsàn náà wà nínú ìsọ̀ mi, ta ni yóò tún ra nǹkan lọ́wọ́ mi láyé?"

Ó ní, "Àwọn tí éè kú ni wọ́n á rà á." Ikọ́ sì mú un.

Mo wọ ìbomú, mo jáde, mo kó ọjà wọlé, mo dojú àtẹ dé lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà mo ti ilẹ̀kùn, mo dùbúlẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń dé, tí wọ́n ń dúró, tí wọ́n ń padà lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń bèèrè pé ṣé wọ́n ti ta gbogbo ọjà tán ni. Mo gbọ́ ohùn bàbá oníṣẹ́-igi tó ń dá wọn lóhùn pé, "Rárá. Wọ́n ń dáàbò bò yín ni." Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣì wà nílùú yìí tó lè ka àtẹ náà.

Nítorí pé ìpariwo ń fa ikọ́ Yèyé, ó mú òkúta méjì sọ́dọ̀, ó fi méjì ránṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ Bísólá. Bí ó bá ti jí láàárọ̀, á gbá tirẹ̀: kó, kó. Màá gbá tèmi dá a lóhùn. Ìyẹn ni pé mo wà. Ìyẹn ni pé èmi náà wà. Ibà ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi bọ̀, oúnjẹ kò ní adùn lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ òkúta yẹn, màá mọ ibi tí ilẹ̀ wà.

Nígbà kan báyìí, mo rọra ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ wọlé. Mo rí ẹ̀yìn àtẹ. Wọ́n ti gbé oúnjẹ lé e. Ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé, ọsàn wẹ́wẹ́, ìkókórẹ́ nínú abọ́ onídèérí, atalẹ̀, oyin nínú ìgò kékeré. Kò sí orúkọ lára ọ̀kankan. Mo wo iwájú, àwọn èèyàn dúró nínú eérú, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú òbìrípo tirẹ̀. Wọ́n rí mi, wọ́n sì kúnlẹ̀. "Màmá, ara á le o! Yèyé, ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Àtẹ tí mo fi ń lé wọn ni wọ́n gbé oúnjẹ lé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí, ara mi ṣì ń bù máṣọ. Mo kàn gbé ọwọ́ sókè bí Yèyé ṣe máa ń ṣe.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ibà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lára mi. Mo ń retí òkúta, mi ò gbọ́. Mo gbá tèmi. Kò sí èsì. Mo tún gbá a, mo pe Yèyé, ògiri dákẹ́. Mo dìde, mo fọwọ́ ti ògiri, mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Bí mo bá ṣí i, tó sì jẹ́ pé oorun ló ń sùn, ọwọ́ ara mi ni màá fi gbé àìsàn wọlé tọ̀ ọ́. Bí mi ò bá ṣí i, tó sì jẹ́ pé ó ti ṣubú, tí mímí há a láyà, èmi ọmọ rẹ̀ ni mo dúró síta tí mo ń gbọ́. Ilé tó ṣófo tí ó bẹ̀rù nìyẹn. Mo rí i pé ó ti wà níwájú mi, mo sì ń di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú.

Mo fi igbe ta, "Bísólá!" Ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ sójú fèrèsé. Ó na ọrùn wo inú yàrá. Ó wá ní, "Màmá, wọ́n wà nílẹ̀."

Mo fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Màmá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá wá nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Òkúta ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá, mo gbọ́ tí ó ń mí, lẹ́yìn náà, kó, kó. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yẹn, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Mo ní, "Yèyé, ẹ gbọ́ tí mò ń pè yín, kí ló dé tí ẹ ò dáhùn?" Ó ní, "Ọ̀rọ̀ òkúta la jọ bẹ̀rẹ̀. Òkúta ni mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn." Mi ò ṣí ilẹ̀kùn náà. Títí tí nọ́ọ̀sì fi ní ó tó, mi ò ṣí i.

Àìsàn náà kò kan Yèyé. Nígbà tí ara mi yá tán, mo yí àtẹ padà, mo kọjú rẹ̀ sókè, mo tún to òkúta. Àwọn tí mo rò pé wọn kò ní ra nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́, wọ́n ti dúró nínú eérú kí n tó ṣe tán. Lọ́jọ́ tí a sì wá tú okùn, Bísólá ló kọ́kọ́ wọlé. Ó kúnlẹ̀. Yèyé gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàgbé láti wúre. Ó kàn fi ọwọ́ náà síbẹ̀, ó ń wo òkè.

Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Nísinsìnyí fóònù lẹ fi ń ra gàárì, ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ ló ń gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n mo rí ìlú kan tó jẹ́ pé òkúta ló ń ṣọ́ ọjà rẹ̀, mo sì rí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Yèyé kú. Oorun ló bá lọ lọ́wọ́ ọ̀sán, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Kòrónà ti di ìtàn. Kí a tó wẹ̀ ẹ́ tán, ilé ti kún. Ìyá ẹlẹ́ja ti dé láti Òde-Omi, Bísólá ti wọ mọ́tò láti Ìbàdàn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, àwọn ará Mamu dé, àwọn tó ti jáde ní yunifásítì tipẹ́tipẹ́ dé, wọ́n fún mọ́ ara wọn láti yàrá Yèyé títí dé títì. Bàbá yín wá bá mi, òógùn bò ó. Ó ní ilé ti há jù, àwọn tó wà nínú kò rí afẹ́fẹ́, ṣé kí òun ní kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé dúró síta ná.

Mo wo ilé náà. Mi ò rí ilẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn ti bò ó.

Mo ní, "Rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé."